Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Àtòkọ

Ẹ̀rọ náà tún kú sí ojú ìlà kan náà. Ọ̀rọ̀ funfun sáré gòkè lójú dúdú rẹ̀ bí ìjàlọ tí wọ́n da eérú gbígbóná sí, wọ́n sáré, wọ́n sáré, gbogbo rẹ̀ sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Basemera kò nílò àtikà á mọ́. Ohun tó sọ láàárọ̀ ló tún ń sọ: òun ò rí dísìkì kankan.

"Ẹ̀ẹ̀melòó nìyẹn?" Dókítà Rwabuhinga bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin, sà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin." Dókítà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí irin náà, ó sì pe Basemera ní oríkì rẹ̀, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pe ara wọn nílùú wọn. "Adyeri, dísìkì náà nìyí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kùn. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú dísìkì, kó wá ní òun ò rí i?"

"Káàdì kan ló wà láàárín wọn, sà. Káàdì yẹn ti pẹ́ gan-an. Kánẹ̀lì tuntun tí mo gbé sí i kò ní dẹ́rẹ́bà tó mọ̀ ọ́n wà."

"Dá ti àtijọ́ padà nígbà náà."

Basemera wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ti pa á rẹ́, sà. Àyè ò gbà wọ́n méjèèjì. Mo rò pé—"

"O rò pé." Dókítà nàró, ó gbọn eruku orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó sì jáde.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló ṣe é. Ilé àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní Fort Portal, agbègbè mẹ́fà ló ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn aláìsàn ránṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n á gbin kòkòrò inú rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n á dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó hù, wọ́n á wá mọ oògùn tó lè pa á àti èyí tí kò ràn án. Bí èsì bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà tán, wọ́n á sun ìgò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni èsì máa ń jáde lọ sí àwọn agbègbè. Lọ́jọ́bọ̀ náà, èsì ènìyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ṣì wà lórí dísìkì inú ẹ̀rọ, ìgò wọn sì ti di eérú.

Kánẹ̀lì ni ètò tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ètò yòókù nínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń bá irin àti wáyà sọ̀rọ̀. Ti ẹ̀rọ yìí, Bàbá Araali tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú Basemera ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó yan ohun tí ẹ̀rọ náà nílò níkọ̀ọ̀kan, ó sì da ìyókù nù. Ètò tuntun tí Dókítà fẹ́ kò lè ṣiṣẹ́ lórí kánẹ̀lì àtijọ́ yẹn, ni Basemera bá gbé èyí tí gbogbo ayé ń lò sí i. Àṣé àwọn tó ṣe é ti yọ dẹ́rẹ́bà irú káàdì bẹ́ẹ̀ kúrò, ìyẹn ètò kékeré tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣì nílò rẹ̀, kó kọ́ kánẹ̀lì tirẹ̀, kó wá orúkọ káàdì náà nínú àtòkọ gígùn kan, kó sì fi àmì sí i. Basemera ti fi tọ́ọ̀ṣì ka orúkọ tó wà lára káàdì náà. Ó ti ka àtòkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ náà kò sí níbẹ̀. Ó ti fi àmì sí àwọn tó jọ ọ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ó ń fi wákàtí mẹ́rin mẹ́rin kọ́ kánẹ̀lì, pàbó ló ń já sí.

Ó jáde síta kí ojú rẹ̀ lè rí nǹkan mìíràn. Kaboyo wà lórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ fèrèsé, níbi tó ti wà láti Ọjọ́ Jímọ̀, tó ń wá láàárọ̀, tó ń lọ nírọ̀lẹ́. Oko tíì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀, Akiiki, ló ń ṣàìsàn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Adyeri."

"Ẹ ṣé o, Ateenyi. Ẹ tún ti dé," ni Basemera fi oríkì tirẹ̀ dá a lóhùn.

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Wọ́n ní ìwé Akiiki ò tíì jáde."

"Kọ̀ǹpútà ni kò yá."

"Kò yá?" Kaboyo rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àbí ilé ìwòsàn kọ́ nìyí ni? Ẹ fún un ní oògùn kó dìde." Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. "Oògùn tí Akiiki náà ń lò nílé, ó ní bí omi ló rí lẹ́nu òun báyìí. Oṣù keje tó ti ń lò ó nìyí. Ẹ̀wù tó wọ̀ nígbà ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ọmọ wa obìnrin ló ń wọ̀ ọ́ báyìí, ó sì ń tó o. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ò lè pààrọ̀ oògùn láìrí ìwé yín."

"Ó kù díẹ̀," ni Basemera wí. Ó sọ ọ́ tán ló tó mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè mọ ibi tí orúkọ káàdì náà wà, ẹni náà gan-an sì ni Basemera kò fẹ́ rò. Ní ìparí oṣù kẹrin ni rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Araali nínú balùwẹ̀, ó mú apá ọ̀tún rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ lọ. Basemera lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan nílé ìwòsàn. Ó gbé ọsàn dání. Bàbá wò ó, itọ́ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, Basemera kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Oṣù márùn-ún ti kọjá lórí ọ̀sẹ̀ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kọ́ èjìká, ó gun alùpùpù bódà kan tó ń gbé èrò lọ sí ilé Bàbá ní Kitumba. Òjò ń ṣẹ̀ wíníwíní. Ìyàwó Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mátòókè sínú abọ́. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní Abwoli.

"Ẹ káàsán o, Màmá Abwoli."

Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò ó títí. "Haa. Adyeri. Mo rò pé àjàkálẹ̀ àrùn ti kó gbogbo yín lọ níbi iṣẹ́ yẹn ni."

Basemera kúnlẹ̀ síbi tí ilẹ̀ ti rin. "Màmá, ẹ má bínú sí wa."

"Ta ló ń bínú? Ẹni tó bá ń retí ènìyàn ló ń bínú. Èmi ò retí yín mọ́." Ó tún mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn. "Kí lẹ bà jẹ́?"

"Màmá?"

"Oṣù márùn-ún, ẹnì kan ò yọjú. Lónìí o gbé àpò kọ́ èjìká. Mo ní, kí lẹ bà jẹ́?"

"Dẹ́rẹ́bà ló sọnù, Màmá."

"Dẹ́rẹ́bà? Ẹ lọ sí ìdí mọ́tò ní Kabundaire, wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ayò ni wọ́n ń ta láti àárọ̀."

Basemera gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ti mọ́tò, Màmá. Ti inú kọ̀ǹpútà ni, òun ló máa ń jẹ́ kí—"

"Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi bá ọkùnrin yẹn gbé," Abwoli wí, "ṣé o rò pé mi ò mọ dẹ́rẹ́bà kọ̀ǹpútà ni? Kò sí oúnjẹ alẹ́ tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ nídìí rẹ̀. Wọlé. Nu ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé."

Wọ́n ti gbé ibùsùn Bàbá sún mọ́ fèrèsé kí ó lè máa rí òkè, ṣùgbọ́n ìkùukùu ti bo òkè pátápátá. Ó ti rù. Irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun, wọ́n fá a dáadáa, wọ́n sì fi òróró pa á lójú. Ìgbà tí ojú òun àti Basemera ṣe mẹ́rin, ojú náà là, ó sì dúró lára rẹ̀ gbọnyingbọnyin.

"Ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀," ni Abwoli wí. "Má pariwo mọ́ ọn bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀, ó ń bí i nínú. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀. Di ọwọ́ náà mú. Bó bá tẹ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá tẹ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí kó jẹ́ pé ó ti sùn."

Basemera di ọwọ́ náà mú. Ó gbóná, ó sì fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ àforíjì tó ti tò sílẹ̀ láti orí alùpùpù, kò rí ọ̀kan sọ nínú rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Bàbá, mo pa kánẹ̀lì yín rẹ́."

Bàbá Araali di ojú. Ó pẹ́ tí kò là á. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ tẹ Basemera lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Basemera kò mọ ohun tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni sí.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó gbé e síbi tí Bàbá ti lè rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtòkọ. Bí ó bá pe orúkọ kan, á dúró. Ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́. Á pe òmíràn. Ogún orúkọ, ọgbọ̀n orúkọ, bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ilé ìwé tí gbogbo wọn kò wá. Nígbà tó ka ìkẹyìn tán, Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó na ìka kan sókè.

"Kí ló fẹ́, Màmá?"

Abwoli tẹ̀ síwájú. "Àwọ̀n ẹ̀fọn? Ṣé kí n ká a kúrò lórí rẹ?" Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Ilé ń jò?" Ó wo àjà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Àbí Ọlọ́run lò ń fi hàn wá? A mọ̀ pé ó wà lókè, jọ̀ọ́." Bàbá mí gúnlẹ̀ láti imú, ìka rẹ̀ kò wálẹ̀.

Basemera gbé kọ̀ǹpútà náà ga díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó jẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà túbọ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dá àtòkọ padà sí orúkọ àkọ́kọ́. Ìka náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n òkè ló ṣì ń tọ́ka sí. Òógùn yọ níwájú orí Bàbá. Lójú Basemera, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró lódìkejì odò, tí ẹnì kan ń kígbe nǹkan sí i, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

"Òkè," ó wí fún ara rẹ̀. "Òkè. Bàbá, ṣé kí n jáde nínú àtòkọ yìí? Kí n padà sí èyí tó wà lókè rẹ̀?"

Ìka náà wálẹ̀. Ó gbá ojú ibùsùn, pẹ̀ẹ́.

Ó jáde sí àtòkọ òkè. Láàárín rẹ̀, ìlà kan wà tó ti kọjá lára rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ìlà àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan, wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ síwájú rẹ̀. Ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún wọlé. Ìlà mẹ́sàn-án tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti yọ, ìkẹrin nínú wọn sì ni orúkọ káàdì náà, lẹ́tà kan kò yẹ̀. Nínú àtòkọ náà, wọn kì í fi ọmọ hàn nígbà tí wọn kò bá tíì gba bàbá wọlé.

"Òun nìyí! Bàbá, òun nìyí!" Ó fi ọwọ́ Bàbá kan iwájú orí ara rẹ̀. Ẹnu Bàbá fà sókè lápá kan. Abwoli fi etí ìró rẹ̀ nu itọ́ fún un, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Oríṣi ìdáhùn mẹ́ta ni àtòkọ náà ń gbà. Bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ni pé kí dẹ́rẹ́bà máa gbé inú kánẹ̀lì títí, tàbí lẹ́tà M, ìyẹn ni pé kó wà níta, kí wọ́n máa pè é wọlé bí wọ́n bá nílò rẹ̀. M ni Basemera máa ń fi sí ohun gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, kí kánẹ̀lì má baà wúwo. Ó fi M sí i. Ó pa kọ̀ǹpútà dé.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì lu ibùsùn. Ohùn kan ń jáde lọ́fun rẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀.

"Bàbá? Kí ló dé?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ni Abwoli wí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Máa lọ. Ẹ ti rí tiyín gbà."

Basemera dìde. Títí ó fi dé ojú ọ̀nà, tó na ọwọ́ sí alùpùpù, ó ń gbọ́ ọwọ́ náà lórí ibùsùn, pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbé kánẹ̀lì tuntun náà sórí ẹ̀rọ. Dókítà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di ife tíì mú. Ọ̀rọ̀ funfun sáré gòkè. Ó dúró. Ìlà kan náà.

Dókítà gbé ife rẹ̀, ó ń lọ, bí ẹni tó kúrò nílé ọ̀fọ̀.

Basemera jókòó síwájú ẹ̀rọ náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́ lára. Níta ni M ń fi dẹ́rẹ́bà sí. Inú dísìkì gan-an ni ìta yẹn wà. Dẹ́rẹ́bà tí yóò ṣílẹ̀kùn dísìkì ló lọ tì mọ́nú dísìkì. Bàbá ti rí i. Ọwọ́ kan ló kù fún un láyé, ó fi ọwọ́ náà pariwo títí, àwọn obìnrin méjì dúró tì í, wọ́n ní ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó sọ M di bẹ́ẹ̀ ni. Bí kíkọ́ ṣe dé àárín ni iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sì kú láìpẹ́. Ẹ̀rọ amúnáwá wà, ṣùgbọ́n fún fìríìjì oògùn nìkan ni. Ó lọ bẹ ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀," ọkùnrin náà wí. "Bí wáyà mìíràn bá kan ẹ̀rọ yìí, èmi ni wọ́n máa lé lọ. Ẹ máa retí. Iná á dé."

Iná kò dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Kaboyo kọjá lójú fèrèsé nígbà tó ń lọ sílé, ó juwọ́ sí i. Basemera juwọ́ padà.

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni kánẹ̀lì náà tó parí. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó tan án, ó sì yíjú kúrò. Nígbà tó gbójú padà, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìlà yẹn. Wọ́n ṣì ń sáré. Wọ́n sáré dé ìparí, ẹ̀rọ ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀.

Kò pe Dókítà. Abwoli ló kọ́kọ́ pè lórí fóònù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sí Bàbá létí." Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù kiri, ó wá gbọ́ èémí. "Bàbá, ó dìde! Ẹ̀yin lẹ gbé e dìde. Mo ti mọ ìdí tí ẹ fi ń lu ibùsùn. Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò gbọ́." Èémí náà ń yára sí i. Ohùn kan jáde, ó gùn, ó lọ sókè. Basemera ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú.

Lẹ́yìn náà ló pe Dókítà. Dókítà sáré wọlé, ó gbá a léjìká. "Mo ti ń sọ pé ọmọ yìí lè ṣe é! Ó yá, ṣí èsì. Ká rí àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta yẹn."

Basemera ṣí ìwé èsì. Ó lọ sí ìparí rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ni.

"Lọ sí iwájú sí i," ni Dókítà wí.

"Kò sí iwájú, sà. Ó ti tán."

"Báwo ló ṣe máa tán sí oṣù karùn-ún? Oṣù kẹwàá la wà."

Basemera bi káàdì náà léèrè, nítorí kánẹ̀lì ti lè bá a sọ̀rọ̀ báyìí, káàdì sì rò fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́. Dísìkì méjì ló wà nínú àpótí náà, ohun kan náà ni wọ́n jọ ń kọ, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá ṣubú. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún, èkejì ti yẹ̀ kúrò lójú iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, àkọ́kọ́ nìkan ló ń kọ ohun gbogbo. Ní alẹ́ àná tí iná lọ, tó tún dé, tó tún lọ, àkọ́kọ́ yẹn kú. Ó ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ nínú àpótí, kò sì tún dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Èkejì tó ti yẹ̀ látọjọ́ yìí ló jí, ohun tó mọ̀ kẹ́yìn ló sì ń sọ.

"Kò sí àmì tó máa fi hàn ni?" Dókítà bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

"Iná pupa kékeré kan wà nísàlẹ̀ ibí yìí, sà." Basemera gbé páálí kan kúrò níwájú àpótí náà. Iná náà ń jó. Àwọn páálí ìwé ló ti bò ó. "Bàbá Araali máa ń bẹ̀rẹ̀ wò ó láràárọ̀."

"Nígbà tó lọ, iṣẹ́ ta ló di?"

"Kò sí nínú ìwé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, sà. Kò sí nínú ti òun náà. Ó kàn máa ń wò ó ni."

Dókítà jókòó sórí páálí. "Àwọn kan wà ní Nairobi tó ń tú irú dísìkì tó kú bẹ́ẹ̀."

"Ó lè gba oṣù mẹ́ta, sà. Wọn kì í sì í ṣèlérí."

Ẹ̀rọ náà ń kùn, ó ń retí àṣẹ. Dókítà fi ọwọ́ pa ojú. "A ó sọ fún àwọn agbègbè pé kòkòrò ò hù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ìgò máa ń bàjẹ́. Kí wọ́n mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tuntun wá. Ohun kan náà ló já sí. Kí ni kí á máa da ọ̀rọ̀ rú fún wọn sí?"

Fóònù Basemera dún. Abwoli ni. "Adyeri, o ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀! Ó jẹ gbogbo òkèlè káró rẹ̀, ó tẹ ọwọ́ mi pé kí n tún bù sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun o. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, má fi sínú."

"Kò tọ́pẹ́, Màmá," ni Basemera wí.

Ó fi Dókítà sílẹ̀ lórí páálí, ó jáde síta. Kaboyo dìde lórí bẹ́ǹṣì nígbà tó rí i. Ó ti gbọ́ ohùn ayọ̀ Dókítà láti inú ilé.

"Ó ti dìde?"

"Ẹ jókòó, Ateenyi." Òun náà jókòó. "Ẹ̀rọ ti dìde. Ìwé Akiiki kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó ti sọnù. Kò bàjẹ́ nínú ìgò o, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, èsì rẹ̀ jáde. Àwa la sọ ọ́ nù. Èmi ni mo pa ohun tí kò yẹ kí n pa rẹ́, a ò sì wo ohun tó yẹ kí a máa wò."

Kaboyo wo ọwọ́ rẹ̀ tí omi ewé tíì ti pa dúdú. "Kí ló kàn?"

"Kó wúkọ́ sínú ife lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká tún gbìn ín."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mìíràn."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ."

Ì bá sàn kó pariwo. Kò pariwo. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé ọ̀nà fún. "Adyeri, kò lè rìn dé ojú títì mọ́. Báwo ni mo ṣe máa gbé e wá?"

Basemera wọlé padà. Ó gba ife mẹ́ta onídèérí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó gba àpótí oníyìnyín, ó gba ìbòmú. Dókítà bi í níbi tó ń lọ, ó sọ fún un. Ó tún sọ fún un pé tí òun bá padà, òun ó kọ orúkọ àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta jáde látinú ìwé tí agbègbè fi ránṣẹ́, òun ó sì máa pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, òun ò ní sọ pé kòkòrò ò hù.

Alùpùpù kan ṣoṣo ló gbé òun àti Kaboyo, àpótí wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n gba àárín oko tíì kọjá fún nǹkan bíi wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n dé, Kaboyo gbé ìyàwó rẹ̀ jáde síta, nítorí ìta ló yẹ kó ti wúkọ́, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ó sì gbé e jókòó lórí àga lẹ́bàá ọgbà. Akiiki kò tíì pé ogójì ọdún. Ó kí Basemera, ó béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, ó béèrè bóyá òjò pa á lọ́nà. Lẹ́yìn náà ló gba ife.

Ó mí kanlẹ̀ bí Basemera ṣe ní kó ṣe. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́, Kaboyo di èjìká rẹ̀ mú, ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo inú ife. Ó nà án sí Basemera kí òun náà wò ó. Gbígbẹ ló wà.

"Ẹ má bínú," ni Akiiki wí, ó ń mí gúlegúle. "Ẹ ti wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ má bínú."

Ọlọ́kadà ti tan alùpùpù rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run tó tún ti ń ṣú. Basemera dìde lọ bá a, ó ní kó máa lọ, òun ò ní padà títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fi máa jáde. Ó gbé òkúta kan sún mọ́ àga Akiiki, ó jókòó lé e, ó sì gbá ife náà mú lọ́wọ́.